Ṣé O Mọ̀ Pé Johannesburg Ti Ń Jẹ Oúnjẹ Mẹ́síkò Tipẹ́?

Ṣé o mọ̀ pé àlejò tó dé Johannesburg, tó ń béèrè ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ Mẹ́síkò, lè ti jẹ ẹ́ yó kí ẹnikẹ́ni tó dá a lóhùn? Àgbàdo tó rà lọ́wọ́ ìyá tó ń sun ún lórí èédú nítòsí ibùdókọ̀ Noord, Mẹ́síkò ni ìdílé rẹ̀ ti ṣẹ̀. Tòmátì inú ọbẹ̀ tí wọ́n fún un jẹ lọ́sàn-án, ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ Mẹ́síkò ló ti di ohun tí à ń gbìn. Píà tí ọmọkùnrin kan ń gbé kiri láàárín ọkọ̀ níbi iná ojú títì, ará ibẹ̀ ni. Àwọn tó ń júwe ibi ìjẹun fún àlejò ní ìlú yìí sábà máa ń tọ́ka sí ilé oúnjẹ tó kun ògiri rẹ̀ ní àwọ̀ mèremère, tó sì gbé fìlà etí gbòòrò kọ́ síbẹ̀. N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí Mẹ́síkò fún Johannesburg jẹ ní tòótọ́, ìdí iná ni kó kọ́kọ́ lọ.

Ṣé o mọ̀ pé kò sí ibi kankan láyé tí àgbàdo ti ń dá hù nínú igbó? Koríko kan tí wọ́n ń pè ní teosinte ni babańlá rẹ̀. Teosinte kò ní ṣírí tí ẹnikẹ́ni lè yangàn sí: hóró bíi márùn-ún sí méjìlá ló máa ń so, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì wà nínú èèpo tó lè kán eyín. Ní nǹkan bí 9,000 ọdún sẹ́yìn, àwọn ènìyàn tó ń gbé ní àfonífojì odò Balsas, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Mẹ́síkò, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa èyí tó sàn nínú rẹ̀ gbìn. Ọmọ wọn ṣà á, ọmọ ọmọ wọn ṣà á, títí ó fi di ohun tí à ń bó èèpo rẹ̀ lónìí. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ ẹyọ ẹnì kan nínú àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyẹn, síbẹ̀ n kò rí iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn tó bọ́ ẹnu tó pọ̀ tó èyí. Lẹ́yìn tí àwọn òyìnbó Sípéènì gúnlẹ̀ sí Amẹ́ríkà ní 1492, ọkọ̀ wọn àti ti Potogí gbé àgbàdo kárí òkun. Kí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún tó parí, ó ti dé etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ó sì gba ibẹ̀ wọ ilẹ̀ wa. Nígbà tó yá, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn Zulu, Xhosa àti Sotho ní gúúsù. Ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló gbà dé ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n kò sí ìkankan nínú wa tó kà á sí àlejò mọ́.

Ṣé o mọ̀ pé agbára àgbàdo ni wọ́n fi wa wúrà Johannesburg? Ní 1886 ni wọ́n rí wúrà ní Langlaagte, lórí òkè Witwatersrand, ọdún yẹn náà ni wọ́n sì dá ìlú sílẹ̀. Àwọn awakùsà wọ́ dé láti Mozambique, láti Lesotho, láti Màláwì àti láti gbogbo ìgbèríko tó yí ibẹ̀ ká. Wọ́n kó wọn sínú ọgbà olódi tí ọkùnrin nìkan ń gbé, ìyẹ̀fun àgbàdo sì ni olórí ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń sè fún wọn lójoojúmọ́, nítorí pé òun ló dínwó jù tó sì ń gbéni ró. Ojú ìnáwó ni wọ́n fi wo oúnjẹ yẹn, wọn kò fi ojú ìtọ́jú wò ó, ó sì ń dùn mí bí mo bá rántí. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn náà gbà á, wọ́n sọ ọ́ di tiwọn, ó sì ti di ohun tí ọmọ Johannesburg máa ń ṣàárò bó bá wà lẹ́yìn odi.

Pap ni wọ́n ń pè é. Kí ọmọ Yorùbá má ṣe fojú inú wo ògì tí à ń fi àkàrà mu o. Pap ti Johannesburg le, òkèlè ni wọ́n ń bù nínú rẹ̀. Wọ́n á gbé omi oníyọ̀ kaná. Bó bá ti ń hó, wọ́n á da ìyẹ̀fun àgbàdo funfun sí i láàárín ìkòkò, á jókòó síbẹ̀ bí òkìtì, wọn kò sì ní tètè fọwọ́ kàn án. Wọ́n á dé e. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n á ki orógùn bọ̀ ọ́, wọ́n á rò ó títí apá á fi máa ro wọ́n, wọ́n á tún dé e, wọ́n á dín iná kù, ooru inú ìkòkò á sì máa sè é lọ títí èépá á fi mú nísàlẹ̀. Èépá yẹn, àwọn ọmọdé máa ń du ú.

Ibi tó dára jù láti jẹ ẹ́ ni ìdí ẹran sísun, tí wọ́n ń pè ní chisa nyama. Ní Soweto, ní Alexandra, ní Kwa Mai Mai tó wà nítòsí títì ńlá M2 lápá ìlà-oòrùn àárín ìlú, ètò kan náà ni. O dé ọ̀dọ̀ alápatà, o tọ́ka sí ẹran tó wù ọ́ lẹ́yìn gíláàsì, wọ́n wọ̀n ọ́n, o sanwó, wọ́n gbé e fún ẹni tó wà nídìí iná. Bó bá jinná, wọ́n á gé e sórí pákó, wọ́n á wọ́n iyọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n á bu pap tì í, wọ́n á rẹ́ tòmátì, àlùbọ́sà àti ata tútù sí i. O fọwọ́, o bu òkèlè, o fi gbá ẹran mọ́ tòmátì. Wá gbé pákó yẹn ka iwájú ará Mẹ́síkò. Kí ló máa rí? Àgbàdo, ẹran sísun, tòmátì, àlùbọ́sà, ata. Taco ni! Ìyàtọ̀ ibẹ̀ kò ju pé òun á tẹ́ àgbàdo tirẹ̀ pẹlẹbẹ di tortilla, á yan án lórí irin, á sì fi wé ẹran náà.

Ṣé o mọ̀ pé àgbàdo Gúúsù Áfíríkà ti padà lọ bọ́ Mẹ́síkò rí? Ní February 2011, òtútù burúkú kan pa àgbàdo lóko ní ìpínlẹ̀ Sinaloa, níbi tí Mẹ́síkò ti ń rí ọ̀pọ̀ àgbàdo funfun rẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gbin àgbàdo funfun lọ́pọ̀ yanturu fún jíjẹ ènìyàn kò pọ̀ láyé, nítorí àgbàdo pupa tí wọ́n fi ń bọ́ ẹran ọ̀sìn ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbìn. Gúúsù Áfíríkà wà lára àwọn díẹ̀ náà, bí ọkọ̀ ṣe kó àgbàdo rẹ̀ kọjá òkun nìyẹn, tí wọ́n fi yan tortilla ní ilẹ̀ tí àgbàdo ti wá. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi yí padà. Ọ̀dá 2015 sí 2016 jó oko Free State àti North West gbẹ, àgbàdo funfun láti Mẹ́síkò sì gúnlẹ̀ sí èbúté Gúúsù Áfíríkà kí ìkòkò pap má bàa ṣófo. Òjò rọ̀ dáadáa lẹ́yìn náà, ìkórè 2017 sì ju mílíọ̀nù 16 tọ́ọ̀nù lọ, èyí tí irú rẹ̀ kò tíì wáyé rí ní orílẹ̀-èdè náà títí di ìgbà yẹn.

Ṣé o mọ̀ pé àgbàdo lè ṣe ẹni tó ń jẹ òun nìkan ní jàǹbá? Fítámì kan tó ń jẹ́ niacin wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó so mọ́ra débi pé inú ènìyàn kò lè rí i lò. Ẹni tí kò bá rí ẹran, ẹ̀wà tàbí wàrà jẹ mọ́ ọn, àwọ̀ rẹ̀ á máa bó níbi tí oòrùn ti ń pa á, á máa yàgbẹ́ gbuuru, iyè rẹ̀ á sì máa ra. Pellagra ni orúkọ àrùn náà. Ó bá àwọn tálákà jà ní Ítálì, ó bá wọn jà ní gúúsù Amẹ́ríkà, ó sì bá àwọn aláwọ̀ dúdú jà ní Gúúsù Áfíríkà lẹ́yìn tí òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti lé wọn kúrò lórí ilẹ̀ ọlọ́ràá. Ṣùgbọ́n Mẹ́síkò tó ti ń jẹ àgbàdo ṣáájú gbogbo wọn, àrùn yìí kò yọ ọ́ lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀.

Ọwọ́ àwọn obìnrin ibẹ̀ ni àṣírí náà wà. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé kí a tó lọ àgbàdo, kí a sè é, kí a sì fi í sílẹ̀ mọ́júmọ́ nínú omi tí a pò mọ́ ẹfun tí a ti sun níná tàbí eérú. Èèpo á bó, hóró á wú, òórùn rẹ̀ á yí padà, niacin tó so mọ́ra á sì tú. Ẹni tó ti rí ohun tí kán-ún ń ṣe fún ẹ̀wà líle mọ irú agbára tí mò ń sọ. Ọkọ̀ tó gbé hóró àgbàdo kárí ayé kò gbé ìmọ̀ ìyàwó ilé tó ń sè é, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló sì fi ara wọn san gbèsè àìbéèrè yẹn. Gúúsù Áfíríkà wá gba ọ̀nà mìíràn: láti October 2003, òfin sọ pé gbogbo ìyẹ̀fun àgbàdo àti ìyẹ̀fun búrẹ́dì gbọ́dọ̀ ní àfikún niacin, fítámì A, folic acid, irin àti zinc pẹ̀lú àwọn mìíràn. Yí ẹ̀yìn àpò ìyẹ̀fun wò ní ṣọ́ọ̀bù èyíkéyìí, wàá rí i níbẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé omi tó ń hó ní Johannesburg kò gbóná tó omi tó ń hó ní Èkó? Òkè ni ìlú náà wà, nǹkan bíi mítà 1,750 sókè ju òkun lọ, nítorí náà omi ibẹ̀ ti ń hó ní ìwọ̀n Celsius 94 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ìlú Mẹ́síkò tilẹ̀ tún ga jù ú, ó tó mítà 2,240, omi sì ń hó ní bíi 92. Ẹ̀wà máa ń pẹ́ kó tó rọ̀ ní ìlú méjèèjì. Ẹni tó bá kó wá láti Èkó tó sì ń bínú sí ẹ̀wà, kó lọ ra ìkòkò tó ń há ooru mọ́nú.

Ẹ̀wà wo ni, ṣe? Ẹ̀wà olóyin tiwa, ẹ̀wà funfun olójú dúdú, ọmọ Áfíríkà pọ́ńbélé ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà aláràbarà tí wọ́n ń pè ní sugar beans, tí wọ́n ń sè mọ́ ọbẹ̀ káàkiri Johannesburg, àti ẹ̀wà inú agolo tí wọ́n ti fi tòmátì sè, ọ̀tọ̀ ni ìdílé tiwọn. Mẹ́síkò àti àwọn òkè Andes ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbìn wọ́n.

Ẹ̀wà agolo yẹn náà ló wà nínú chakalaka. Tòmátì, ata, ẹ̀wà, àlùbọ́sà, kárọ́ọ̀tì àti èlò kọrí ni. Àwọn kan ní àwọn awakùsà ará Mozambique ló dá a sílẹ̀, tí wọ́n ń da ohun tó wà nínú agolo pọ̀ bí wọ́n bá jáde láti abẹ́ ilẹ̀. Bó ti wù kó rí, nínú ohun èlò mẹ́fà tí mo kà yẹn, mẹ́ta àkọ́kọ́ wọ ọkọ̀ láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá.

Ṣé o mọ̀ pé Rosettenville, ní gúúsù Johannesburg, ni Nando's ti bẹ̀rẹ̀? Ní 1987, Fernando Duarte mú ọ̀rẹ́ rẹ̀, Robert Brozin, lọ jẹ adìyẹ ní ilé oúnjẹ kékeré kan tó ń jẹ́ Chickenland. Adìyẹ náà dùn débi pé wọ́n ra ilé oúnjẹ náà. Àdúgbò àwọn Potogí ni Rosettenville. Ọ̀pọ̀ wọn ló sá wá síbẹ̀ lẹ́yìn tí Mozambique àti Àǹgólà gba òmìnira ní 1975, ata peri-peri sì bá wọn wá. Wo ìrìn àjò ata yìí ná: wẹ́wẹ́ ni, ó ń jó lẹ́nu bí iná, ìbátan ata wa gan-an ni. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i, Potogí gbé e dé Mozambique, ó fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ títí àwọn ènìyàn fi rò pé ọmọ Áfíríkà ni, ó bá àwọn asásàálà wọ Johannesburg, ní 1992 ó sì ti wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ London. Ọmọ Yorùbá ní Peckham tó ń jẹ Nando's lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, oúnjẹ Johannesburg ló ń jẹ, ata Amẹ́ríkà ló sì ń ta á lẹ́nu.

Ṣé o mọ̀ pé Yorùbá, Zulu àti Mẹ́síkò ní oúnjẹ kan náà tí a kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ lọ́wọ́ ẹnì kejì? Àgbàdo tútù ni. Àwa á lọ̀ ọ́, a ó fi ata àti àlùbọ́sà sí i, a ó pọ́n ọn sínú ewé, a ó sè é, a ó pè é ní sàpàlà tàbí àbàrí. Ní ìpínlẹ̀ Michoacán ní Mẹ́síkò, wọ́n á lọ àgbàdo tútù, wọ́n á pọ́n ọn sínú èèpo àgbàdo fúnra rẹ̀, wọ́n á fi ooru omi sè é, uchepo nìyẹn. Ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n á lọ̀ ọ́ bákan náà, wọ́n á sè é bákan náà, nígbà mìíràn nínú èèpo rẹ̀, wọ́n á pè é ní búrẹ́dì àgbàdo. Bí o bá bá a pàdé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní ìgbà àgbàdo tútù, tó jẹ́ December sí March lọ́hùn-ún, má ṣe kọjá lọ. Bọ́tà díẹ̀ lórí rẹ̀ nígbà tó bá ṣì ń rú èéfín, ó tán.

Mímu náà ò gbẹ́yìn. Mageu, tí wọ́n ń tà nínú páálí ní gbogbo ibùdókọ̀ Johannesburg, pap ni wọ́n fi omi là tí wọ́n jẹ́ kó kan. Ògì wa máa ń kan kí a tó sè é. Tiwọn, lẹ́yìn sísè ló ń kan. Ní ìpínlẹ̀ Jalisco ní Mẹ́síkò, wọ́n ní tejuino, tí àwọn náà sè kó tó kan, tí wọ́n sì ń fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ mu ní tútù. Òṣìṣẹ́ tí kò ráyè jẹun láàárọ̀ á mu mageu kan, á sì dúró dọ̀sán.

Ṣé o mọ̀ pé ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ ṣàkì ní Johannesburg? Mogodu Monday ni wọ́n sọ ọ́. Mogodu ni ṣàkì àti ìfun màlúù tàbí àgùntàn, tí wọ́n sè pẹ́ títí ó fi rọ̀, pap sì ni wọ́n fi ń gbé e. Ní Mẹ́síkò, menudo ni tiwọn: ṣàkì màlúù nínú omi ọbẹ̀ ata pupa, níbi púpọ̀ pẹ̀lú hóró àgbàdo tí wọ́n ti fi omi ẹfun bó, òpin ọ̀sẹ̀ sì ni wọ́n ń jẹ ẹ́ jù, láàárọ̀, lẹ́yìn àríyá àná. Ní òpópónà Vilakazi ní Soweto, níbi tí Nelson Mandela àti Desmond Tutu ti gbé rí, àwọn ilé oúnjẹ ń gbé mogodu kalẹ̀ fún àlejò láìtijú. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àwa tí a mọ adùn ṣàkì, kò sídìí tí a ó fi lọ jókòó ti bọ́gà níbẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ ìyá ni shawarma Fordsburg àti taco tó lókìkí jù ní ìlú Mẹ́síkò? Àwọn ará Lẹ́bánónì àti àwọn ará Árábù mìíràn tó ṣí lọ Mẹ́síkò ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún gbé irin tí wọ́n fi ń yí ẹran lójú iná dání lọ sí Puebla. Àgùntàn di ẹlẹ́dẹ̀, búrẹ́dì pẹlẹbẹ di tortilla, ata pupa àti ọ̀pẹ̀yìnbó dé sí i, ó sì di tacos al pastor. Ní Johannesburg, Fordsburg ni kí o lọ, àdúgbò àwọn ará Íńdíà àti Pakistan, níbi tí wọ́n ti ṣí Oriental Plaza ní 1974 lẹ́yìn tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà lé àwọn oníṣòwò Íńdíà kúrò ní Pageview. Lálẹ́ òpin ọ̀sẹ̀, ẹran ń yí lójú iná lápá ọ̀tún, ó ń yí lápá òsì, alásè ń fi ọ̀bẹ gígùn bó o wẹ́wẹ́ bó ti ń jinná. Halal ni oúnjẹ ibẹ̀, nítorí náà Mùsùlùmí tó bá fẹ́ mọ ìdí tí àwọn ará Mẹ́síkò fi ń tò sẹ́yìn al pastor, ibẹ̀ ni kó ti mọ̀ ọ́n.

Ṣé o mọ̀ pé Fritos, ìpékeré àgbàdo tí ọmọdé ń rà ní ṣọ́ọ̀bù kékeré ní Soweto, ọwọ́ ará Mẹ́síkò ló ti jáde? Ní 1932, ní San Antonio ní Texas, Charles Elmer Doolin ra ọ̀nà ṣíṣe rẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin Mẹ́síkò kan ní 100 dọ́là. Owó kékeré fún ohun tó di ọrọ̀ ńlá. Nachos ní tirẹ̀, Ignacio Anaya ló ṣe é ní Piedras Negras, ìlú ẹnubodè, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1940, nígbà tí àwọn obìnrin Amẹ́ríkà kan dé láìròtẹ́lẹ̀ tí ebi ń pa wọ́n. Nacho ni wọ́n ń fi Ignacio ṣàpèjá. Ó gé tortilla, ó dín in, ó da wàràkàṣì àti ata lé e. Lónìí, wàá rí i ní Spur, ilé oúnjẹ tí Allen Ambor dá sílẹ̀ ní Cape Town ní 1967, tó sì ní ẹ̀ka káàkiri Johannesburg.

Ṣé o mọ̀ pé Mẹ́síkò ni Gúúsù Áfíríkà kọ́kọ́ gbà lálejò nínú Ife Àgbáyé 2010? 11 June ni, ní Soccer City ní Johannesburg. Siphiwe Tshabalala gbá bọ́ọ̀lù wọlé ní ìṣẹ́jú 55, gbogbo Áfíríkà sì pariwo. Rafael Márquez dá a padà ní ìṣẹ́jú 79, ó di ọ̀mì kan sí kan. Ọdún yẹn náà, ní November, ni UNESCO kọ oúnjẹ ìbílẹ̀ Mẹ́síkò sínú àkọsílẹ̀ ohun àjogúnbá aráyé. Nígbà tí wọ́n ṣẹ́ kèké Ife Àgbáyé 2026, orílẹ̀-èdè méjèèjì yìí náà ló tún bọ́ sí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́, 11 June náà ni, ṣùgbọ́n ní pápá Azteca ní ìlú Mẹ́síkò.

Ṣé o mọ̀ pé agave kan, ìbátan èyí tí wọ́n fi ń ṣe tequila, ń hù ní aṣálẹ̀ Karoo ní Gúúsù Áfíríkà? Àwọn àgbẹ̀ gbìn ín láti fi bọ́ ẹran ọ̀sìn nígbà ọ̀dá. Wọ́n ti ń pọn ọtí lára rẹ̀ níbẹ̀ báyìí, àmọ́ òfin kò gbà kí wọ́n pè é ní tequila, nítorí láti 1974 ni Mẹ́síkò ti fi òfin dáàbò bo orúkọ náà. Ẹ̀gún Mẹ́síkò mìíràn, èyí tó ń so èso aládùn tí wọ́n ń pè ní prickly pear, tàn kálẹ̀ ní Eastern Cape débi pé ní àwọn ọdún 1930 ìjọba kó kòkòrò wọlé láti jẹ ẹ́ run. Kò run tán. Bí o bá rí èso náà níbi tí wọ́n ti ń tà á nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, jẹ́ kí ẹni tó ń tà á bó o fún ọ. Ẹ̀gún rẹ̀ tín-ín-rín ju ohun tí ojú lè rí lọ.

Píà ní tirẹ̀ ti di òwò ńlá. Ìpínlẹ̀ Limpopo, lágbègbè Tzaneen àti Levubu, ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá, ọjà City Deep sì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń gbà wọ Johannesburg. Ọjà yẹn kó wá sí City Deep ní 1974, kò sì sí ọjà èso àti ewébẹ̀ tútù tó tóbi tó o ní Áfíríkà. Tòmátì, ata, píà, elégédé, àlùbọ́sà: ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ se oúnjẹ Mẹ́síkò, ibẹ̀ ni kó ti rajà, ní kùtùkùtù.

Ilé oúnjẹ Mẹ́síkò fúnra rẹ̀ wá ńkọ́? Ó wà. 1993 ni Mẹ́síkò àti Gúúsù Áfíríkà tó bẹ̀rẹ̀ àjọṣe ìjọba sí ìjọba, àwọn ará Mẹ́síkò tó ń gbé Johannesburg kò sì pọ̀, nítorí náà Amẹ́ríkà ni èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ náà gbà kọjá kó tó débẹ̀: taco tó le gbáú, burrito ràgàjì, wàràkàṣì tó bo gbogbo nǹkan. Àwọn ilé oúnjẹ máa ń ṣí, wọ́n sì máa ń palẹ̀ mọ́, nítorí náà òpópónà ni mo lè júwe: òpópónà Kẹrin ní Parkhurst, òpópónà Keje ní Melville, àdúgbò Linden, Rosebank àti Maboneng. Rìn ín, wo ohun tó wà lórí tábìlì àwọn ẹlòmíràn, kí o sì bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo kí o tó jókòó: ṣé àgbàdo ni wọ́n fi ṣe tortilla yín, àbí ìyẹ̀fun búrẹ́dì? Ti ìyẹ̀fun búrẹ́dì kì í ṣe ayédèrú, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń jẹ ẹ́ ní àríwá Mẹ́síkò. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá ti fi àgbàdo ṣe é, tí wọ́n ń yan án lójú rẹ, tí òórùn rẹ̀ sì ń bú jáde, ibẹ̀ ni kí o ná owó rẹ sí.

Bí owó kò bá sì tó, tàbí tí o kò rí irú ibẹ̀, lọ sí Kwa Mai Mai ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ẹ tó ẹni méjì tàbí mẹ́ta nítorí ẹran ibẹ̀ máa ń pọ̀. Bí o bá sì rí ìyá kan létí títì tó ń fẹ́ iná sí àgbàdo nínú agolo ńlá oníhò, rà á lọ́wọ́ rẹ̀, má sì ṣe ná an. Òun ló ń ta ojúlówó oúnjẹ Mẹ́síkò tó tíì pẹ́ jù ní Johannesburg.